Ọjọ́ Tí Wọ́n Ti Afẹ́fẹ́ Nkhande

Ilé ojú irin ni wọ́n bí Malita Sigele sí, nítòsí ibi tí odò Ruo ti ń já sínú odò Shire. Bàbá rẹ̀ ni amójútó àmì ọ̀nà rélùwéè níbẹ̀. Kí ọkọ̀ tó yọ lókèèrè, ọmọ náà á ti dùbúlẹ̀ gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, á fi etí lé irin, á sì gbọ́ bó ṣe ń kùn hùùù láti ọ̀nà jíjìn, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí èéfín. Á wá figbe ta: "Ó ń bọ̀ o! Bàbá, ó ń bọ̀!" Sigele bàbá rẹ̀ á dìde. Á kàn yọ òrùka irin ńlá kan kúrò lára ògiri, á gbé e kọ́ èjìká, á jáde lọ dúró.

Òrùka yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Awakọ̀ tí kò bá tíì gbà á lọ́wọ́ Sigele kò gbọdọ̀ sún ọkọ̀ rẹ̀ síwájú, ì báà jẹ́ ọba ló gbé. "Ẹni tó ti ọ̀nà ni yóò ṣí i." Bí ẹni ń gbàdúrà ni Sigele ṣe máa ń sọ ọ́. "Kì í ṣe ẹlòmíràn. Kì í ṣe ẹni tó rò pé òun mọ̀. Ẹni tó tì í." Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó rí awakọ̀ kan tó fi ojú ara rẹ̀ wo ọ̀nà, tó ní kò sí nǹkan kan níwájú, tó sì kọjá lára àmì tó wà ní títì. Sigele wà lára àwọn tó kó òkú lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà náà ni kò ti jẹ ẹran yíyan mọ́.

Nígbà tó yá, odò gbé afárá lọ. Rélùwéè dákẹ́, koríko bo irin. Òrùka wà lára ògiri, Sigele wà lábẹ́ rẹ̀ lórí àpótí, bí aṣọ́lé tí àwọn onílé ti kó lọ tí wọn kò sọ fún un.

Ṣùgbọ́n etí Malita kò dákẹ́. Nígbà tí irin kò kùn mọ́, ó fa wáyà láti ara rédíò àtijọ́ kan lọ sórí igi ìbẹ́pẹ tó wà lẹ́yìnkùlé, ó sì gbọ́ ọkùnrin kan tó ń fi èdè Potogí kọrin láti Mòsáḿbíìkì. Ó yí bọ́tìnì díẹ̀, ó bá awakọ̀ òfurufú kan tó ń béèrè ojú ọjọ́. Háà! Ẹ sáà rò ó wò. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú yìí, ọ̀rọ̀ ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́! Orin, àdúrà, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, ìkìlọ̀ ọkọ̀ òkun, gbogbo wọn ń gba àárín igbá àyà wa kọjá lójoojúmọ́, ara kò sì fu wá. Ọmọ tó bá ti mọ ìyẹn kò ní lè jókòó jẹ́ẹ́ mọ́. Malita kàwé, ó kọ́ṣẹ́ iná ní Blantyre, ó sì bọ́ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ọ̀nà afẹ́fẹ́.

Torí pé ọ̀nà ni afẹ́fẹ́, bí títì ṣe jẹ́ ọ̀nà. Ó ní apá ti olórin, ó ní apá ti ọlọ́pàá, ó ní apá ti àwọn tó ń fò. Ìjọba ló ń pín in kí wọ́n má baà máa gbá ara wọn. Iṣẹ́ Malita ni láti gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n lọ sí orí òkè kan sí òmíràn, kí ó tẹ́tí, kí ó mọ ẹni tó yà sí ojú ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀. Kò sí ohun tó dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ láyé, àfi Yankho ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí àkúnya omi ti pa èèyàn púpọ̀ jù ní àfonífojì yẹn, ọ́fíìsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan. Wọ́n fẹ́ mọ ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ tó dáa jù fún ìkìlọ̀ omi. Wọ́n ri òpó ìwọ̀n mọ́ etí odò Ruo níbi púpọ̀, wọ́n yan ẹnì kan sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fún un ní rédíò alágbèéká. Òjò tó bá rọ̀ ní òkè Mulanje ló máa ń ya wá, á sì dé lójijì, bí olè tó mọ ojú ọ̀nà. Bí ẹni tó wà lápá òkè bá rí i tó ń gòkè lára òpó, á tẹ bọ́tìnì, á sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ tó wà lórí Òkè Nkhande á gba ohùn rẹ̀, á sì jù ú sí ìsàlẹ̀, níbi tí àwọn èèyàn ti ń dáko ní etídò. Ohùn á ṣáájú omi. Àbí ẹ ò rí nǹkan!

Malita fúnra rẹ̀ ló dárúkọ bàbá rẹ̀ fún Ibùdó Kẹta, ní abúlé Namiyala. Ó ní, "Ọ̀gá, kò sí ẹni tó máa ṣọ́ òpó yẹn bíi tirẹ̀." Ọ̀gá Kamoto, olórí ikọ̀ wọn, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó máa ń wọ bàtà òjò tọdún-tọdún, gbà. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ àwọn aṣọ́mi lábẹ́ igi, Malita ṣàlàyé pé ìgbà mìíràn wà tí wọn yóò ní kí gbogbo rédíò dákẹ́ kí àwọn lè wọn ariwo tó wà nínú afẹ́fẹ́. Sigele na ọwọ́ sókè láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

"Tí ẹ bá tì í, ta ni yóò ṣí i?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ìwọ tí o tì í?"

"Èmi tí mo tì í."

Sigele mi orí, ó jókòó. Inú Malita dùn débi pé ó sọ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ di òfin fún gbogbo wọn níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa kà á tẹ̀ lé òun: ẹni tó ti ọ̀nà ni yóò ṣí i. Àwọn àgbà ń kà á, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ ilé ìwé.

Ní Namiyala, Alufeyo apẹja, ọ̀rẹ́ Sigele, kò fi í lọ́rùn sílẹ̀. "Ọ̀gá Alámì! Wọ́n ti gba ọkọ̀ irin lọ́wọ́ rẹ, wọ́n wá fún ọ ní odò. Ṣé òrùka lo fẹ́ fún omi kó tó kọjá ni?"

"Bó bá béèrè, màá fún un."

"Rédíò rẹ yìí, ewúrẹ́ tí kì í ké ni. Mo ti wà níbí látàárọ̀, kò ké."

"Ó ń ké nígbà tó bá ní ọ̀rọ̀. Kò dàbí ẹnu ẹnì kan tí mo mọ̀."

Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn lójoojúmọ́, wọn á sì jọ jẹ nsima, ìyẹn ọkà àgbàdo wọn, àti ẹja àrọ̀ tí Fainesi, ìyàwó Alufeyo, bá sè.

Ìṣòro tó wà ni pé ohùn àwọn aṣọ́mi ń rì. Nígbà mìíràn, ariwo gbígbẹ kan, ṣààà, á bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, ìsàlẹ̀ kò sì ní gbọ́ nǹkan kan. Ṣé ẹ̀rọ tó ń lọ àgbàdo ni? Ṣé àwọn ẹ̀rọ sólà olówó pọ́ọ́kú tí gbogbo èèyàn ń rà ni? Torí gbogbo ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ ló ń ráhùn sínú afẹ́fẹ́, bí kò tilẹ̀ ní ẹnu. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ pa gbogbo rédíò tiwọn lẹ́nu mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gun Òkè Nkhande lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Malita, Ọ̀gá Kamoto àti Bauleni awakọ̀. Wọ́n ri òpó irin gíga wọn mọ́lẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń ju ohùn àti ẹ̀rọ ìwọ̀n kọ́ ọ, Malita mú rédíò.

"Gbogbo ibùdó, Òkè Nkhande ló ń sọ̀rọ̀. Mo ti afẹ́fẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má tẹ bọ́tìnì títí èmi fúnra mi yóò fi ṣí i."

Wọ́n dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá rẹ̀ dáhùn pẹ̀lú ohùn ojú irin: "Ibùdó Kẹta ti gbọ́. Ó tì."

Lẹ́yìn náà, ìdákẹ́rọ́rọ́.

Ẹni tí kò bá fẹ́ràn iṣẹ́ yìí kò ní mọ bí ìdákẹ́rọ́rọ́ ṣe dùn tó. Lójú kọ̀ǹpútà, ìlà tó máa ń yọ ṣóṣóró bí ẹ̀gún ní gbogbo ìgbà wálẹ̀, wálẹ̀, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. "Ẹ wò ó, Ọ̀gá! Ó tẹ́ bí ẹní!" Malita ń fi ìka tọ́ ọ bí ọmọdé tó rí òṣùmàrè. Bí àkókò wọn ti pé, Ọ̀gá Kamoto ní ó tó. Malita bẹ̀ ẹ́. "Ẹ jẹ́ ká fi díẹ̀ kún un. Àwa ò tíì rí irú èyí rí. Díẹ̀ péré." Ọ̀gá Kamoto wo ìlà náà, ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbà.

Òòrùn ń ràn lórí Nkhande. Ṣùgbọ́n lápá Mulanje, níbi tó jìnnà, ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò. Àwọn tó ń sọ ojú ọjọ́ ní ọjọ́ kejì ni òjò yóò dé. Kò sí ẹni tó wo apá ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tí mànàmáná là, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni àrá tẹ̀ lé e. Afẹ́fẹ́ tutù fẹ́ láti ẹ̀yìn wọn, ìkùukùu ti yọ sórí òkè bí ẹni yọ láti inú ilẹ̀. Ọ̀gá Kamoto figbe bọnu: "Òpó! Ẹ sọ òpó kalẹ̀! Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ kíákíá!" Lọ́dún tó kọjá, àrá pa òṣìṣẹ́ kan lára òpó bẹ́ẹ̀, Ọ̀gá Kamoto ló sì gbé òkú rẹ̀ lọ fún ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ń fa okùn, wọ́n ń ṣubú lu ara wọn. Bauleni ń ju àpótí sínú jíìpù. Malita fi aṣọ ara rẹ̀ bo kọ̀ǹpútà kí omi má baà kàn án. Wọ́n já sọ̀kalẹ̀ lórí ilẹ̀ pupa tó ti ń yọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí àwọn tó bọ́ lọ́wọ́ ikú.

Ìdí òkè ni wọ́n dé tí Bauleni fi na ọwọ́ sí rédíò inú ọkọ̀. "Ìyá Yankho, ṣé kí n tan orin fún wa, àbí afẹ́fẹ́ ṣì wà ní títì?"

Àwàdà ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n Malita kò rẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ Bauleni mú. "Dúró," ó ní. Lẹ́yìn náà ó pariwo, "Bauleni, dúró! Mi ò ṣí i! Mi ò ṣí i!"

"Kí lẹ ò ṣí?"

"Afẹ́fẹ́! Gbogbo wọn wà ní títì! Bàbá mi wà ní títì!"

Ó já rédíò gbà, ó ń pè. Kò sí nǹkan kan. Òkè ti dí ojú wọn sí Namiyala, òpó tó máa ń ju ohùn kọjá òkè sì wà ní dídì lẹ́yìn ọkọ̀. Fóònù kò sí, ìjì kan tó jà lọ́jọ́ méjì sẹ́yìn ti pa iná ẹ̀rọ fóònù àdúgbò náà. Malita bojú wẹ̀yìn. Ní ìhà odò Ruo, òjò ti bo gbogbo ayé. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: bàbá rẹ̀ tó jókòó níwájú òpó, rédíò ní ọwọ́, omi ń gòkè, kò sì ní tẹ bọ́tìnì. Bí omi bá dé ọ̀fun rẹ̀, kò ní tẹ̀ ẹ́. Kò sì ní kúrò níbẹ̀. Ibùdó tí wọ́n bá tì, ṣíṣọ́ là ń ṣọ́ ọ.

"Ẹ yí ọkọ̀ padà, Ọ̀gá."

"Malita, ilẹ̀ ti yọ̀. Ọkọ̀ kò lè gòkè."

"Màá fẹsẹ̀ rìn."

"Lábẹ́ àrá? Kí n wá sọ kí ni fún ọmọ rẹ? Òfin wa ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró lórí òkè tí àrá bá ń sán. O mọ̀ ọ́n."

"Mo mọ̀ ọ́n. Bàbá mi náà mọ òfin, Ọ̀gá. Òfin ló fẹ́ pa á!"

Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó jù ú sílẹ̀, ó sì já sáré. Òjò ń na ojú rẹ̀, ilẹ̀ pupa ń yọ ọ́ lẹ́sẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ di koríko mú, ó ń fi orúnkún gun òkè, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Díẹ̀ péré. Ìwọ lo ní díẹ̀ péré. Ó tẹ́ bí ẹní, àbí? Ó tẹ́ bí ẹní." Lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ ẹnì kan tó ń mí gúlegúle. Ọ̀gá Kamoto ni, pẹ̀lú bátìrì tuntun nínú àyà ẹ̀wù rẹ̀, ó ń ṣépè fún òjò, fún àrá, fún iṣẹ́ ìjọba, fún ara rẹ̀.

"Èmi ni mo ní kí ẹ sọ òpó kalẹ̀," ó ní. "Máa lọ, obìnrin. Máa lọ!"

Lórí òkè, afẹ́fẹ́ fẹ́ wọn ṣubú. Malita dúró níbi tó ti lè kọjú sí Namiyala láìsí ohun kankan láàárín. Rédíò ọwọ́ kò lágbára, ṣùgbọ́n láti orí Nkhande, bí kò bá sí òkè tó dí i, ohùn á dé. Ó gbọdọ̀ dé. Ó tẹ bọ́tìnì.

"Gbogbo ibùdó, gbogbo ibùdó! Òkè Nkhande ló ń sọ̀rọ̀! Afẹ́fẹ́ ti ṣí! Mo tún sọ, afẹ́fẹ́ ti ṣí!"

Bí ẹni ṣí agọ̀ adìyẹ ni. Gbogbo wọn tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Omi ti gòkè níhìn-ín! Omi ti dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì! Nkhande, kí ló dé tí ẹ tì wá mọ́lé! Malita ń pariwo pé kí wọ́n dákẹ́, kí wọ́n jẹ́ kí Ibùdó Kẹta sọ̀rọ̀. Wọ́n dákẹ́. Kò sí ohùn. Ó pè. Kò sí ohùn. Ọ̀gá Kamoto ti bo ojú rẹ̀.

Nígbà náà ni ó dé, jẹ́jẹ́, láìkánjú, bí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́.

"Òkè Nkhande, Ibùdó Kẹta nìyí. Mo ní ìròyìn omi. Ṣé ọ̀nà ṣí?"

"Ó ṣí, Bàbá! Ó ṣí! Ẹ sọ̀rọ̀!"

"Omi ti bo orí òpó. Mi ò rí òpó mọ́. Igi ńláńlá ló ń gbé bọ̀. Kí ìsàlẹ̀ sá. Mo tún sọ: kí ìsàlẹ̀ sá."

Malita tún un sọ láti orí òkè, ìsàlẹ̀ sì gbọ́. Ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ bọ́tìnì láti dáhùn, Malita sì gbọ́ irin tí wọ́n ń lù lẹ́yìn rẹ̀, kán-án, kán-án, kán-án, àjákù irin rélùwéè tí wọ́n so rọ̀ sórí igi, àti ìyá kan tó ń ké pé kí wọ́n fi àgbàdo sílẹ̀, kí wọ́n gbé ọmọ. Ohùn ṣáájú omi. Kò ṣáájú rẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣáájú rẹ̀.

"Bàbá, níbo lẹ wà?"

"Lórí igi máńgòrò."

Kí Sigele tó gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnì, ohùn mìíràn ti bú sínú rẹ̀ láti ìdí igi náà. Alufeyo ni. "Ìyá Yankho! Bá mi bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀! Ó ti ya wèrè! Láti ìgbà tí omi wà ní orúnkún ni mo ti so ọkọ̀ mọ́ ìdí igi yìí! Mo ní ká lọ, ó ní àmì ò tíì ṣí! Àmì wo? Ẹja ni yóò fún un ní òrùka lónìí!"

"Kí ló dé tí ìwọ ò máa lọ?" Sigele ń bá a wí níbẹ̀.

"Kí n lọ kí n fi ọ sílẹ̀? Ta ni màá máa bú?"

Malita ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, kò mọ èyí tó ń ṣe. "Bàbá, ẹ sọ̀kalẹ̀. Ẹ wọ ọkọ̀ Alufeyo. Ẹ jọ̀ọ́. Mo fi ìyá mi tó wà nínú ilẹ̀ bẹ̀ yín."

"Ta ni yóò máa ka omi? Bí mo bá kúrò, ìsàlẹ̀ kò ní mọ bó ṣe ń gòkè."

"Kò sí òpó tí ẹ máa kà mọ́!"

"Ẹ̀ka igi ni mo fi ń kà á. Ẹ̀ka kan ti rì. Ó ku èyí tí mo gùn àti èyí tó wà lókè rẹ̀. Ibùdó kò gbọdọ̀ ṣófo, Malita. Ìwọ náà mọ̀."

"Bàbá!"

"Má sunkún lórí afẹ́fẹ́. Àwọn èèyàn fẹ́ lò ó."

Malita gbé rédíò kúrò lẹ́nu. Ó wo Ọ̀gá Kamoto bí ẹni tó ń wá ìrànlọ́wọ́, kò sì sí ohun tí ọkùnrin náà lè fún un. Nígbà náà ló yé e. Bàbá rẹ̀ kò tíì gbọ́ràn sí ọmọ lẹ́nu rí láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì kọ ọ̀rọ̀ sí ibùdó lẹ́nu rí, bákan náà. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Ó dúró ṣánṣán. Ohùn tó jáde kì í ṣe ti ọmọ Sigele.

"Ibùdó Kẹta. Òkè Nkhande ló ń sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ rẹ parí. Ọ̀nà rẹ ti ṣí. Gba òrùka, máa lọ. Jẹ́ kí n gbọ́ pé o gbọ́."

Ọ̀gá Kamoto bo ẹnu rẹ̀. Láàárín àwọn Mang'anja, ẹ̀yà wọn, ọmọ tó bá bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ báyẹn, èpè ló ń fà lé orí ara rẹ̀. Òjò ń rọ̀. Àrá sán ní ẹ̀gbẹ́ wọn, kò sí ẹni tó gbọ̀n jìnnìjìnnì.

"Ibùdó Kẹta ti gbọ́," Sigele dáhùn. "Ó ti gba òrùka. Ó ń pa ẹ̀rọ."

Wọ́n gbọ́ Alufeyo: "Òun náà nìyẹn! Ó kù díẹ̀ kó ní kí n san owó ọkọ̀..." Ohùn sì já.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan kan. Malita ń pe Ibùdó Kẹta títí bátìrì fi kú, ó pè é pẹ̀lú èyí tí Ọ̀gá Kamoto mú wá, títí tí ìyẹn náà fi kú. Nígbà tí wọ́n fà á sọ̀kalẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣì ń mì.

Omi jókòó lórí ilẹ̀ yẹn bí ẹni tó fẹ́ kọ́lé síbẹ̀. Malita ń lọ láti àgọ́ kan sí òmíràn, ó ń wo ojú àwọn arúgbó. Wọ́n ń kí i. Àwọn ará ìsàlẹ̀ ń kí i! Ìyá kan di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ló gbé òun àti àwọn ọmọ òun kúrò lóko. Malita fa ọwọ́ rẹ̀ gbà bí ẹni tí iná jó. Kò lè jẹun. Bí wọ́n bá gbé òkú kọjá, á sáré lọ ṣí aṣọ lójú rẹ̀, á sì padà wá jókòó, ìtìjú á bò ó nítorí inú rẹ̀ tó dùn pé bàbá ẹlòmíràn ni.

Àwọn sójà ló fi ọkọ̀ ojú omi rí Sigele. Orí òkìtì ọ̀gán kan ló wà, pẹ̀lú ewúrẹ́ àti ejò, tí ìkankan wọn kò yọ èkejì lẹ́nu. Rédíò wà nínú ike tó fi wé e, ó so ó mọ́ ọrùn. Wọ́n gbé e dé àgọ́, Malita wólẹ̀ lórí orúnkún níwájú rẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó ń bẹ̀ ẹ́ fún bó ṣe bá a sọ̀rọ̀. Sigele gbé ọwọ́ lé orí rẹ̀.

"Ibùdó ló sọ̀rọ̀," ó ní. "Mo gbọ́ ohùn ibùdó."

"Alufeyo ńkọ́, Bàbá?"

Ọwọ́ arúgbó náà dúró lórí irun rẹ̀. Igi tí omi ń gbé bọ̀ ni ó lu ọkọ̀ wọn láàárín. Alufeyo tì í sí òkìtì ọ̀gán náà. Ó tì í, omi sì gba Alufeyo. Sigele ní ó ṣì ń bú òun nígbà tó ń lọ. Ó ní òun gbọ́ ọ títí ó fi jìnnà.

Wọn kò rí òkú Alufeyo. Nígbà tí omi wà ní orúnkún ni Alufeyo ti dé ìdí máńgòrò, nígbà tí ọkọ̀ kò nílò ju kí wọ́n tì í díẹ̀ kó wọnú omi tó rọ̀. Gbogbo èèyàn mọ̀. Kò sí ẹni tó sọ ọ́. Lọ́jọ́ kan, Sigele jókòó lábẹ́ ibi tí òrùka wà tẹ́lẹ̀, torí odò ti gbé ògiri àti òrùka lọ, ó sì sọ bí ẹni ń bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀: "Ẹni tó ti ọ̀nà ni yóò ṣí i. Gbogbo ọdún tí mo lò níbẹ̀, a ò béèrè rí pé bí ẹni náà bá gbàgbé ńkọ́." Kò wo ojú Malita. Kò tún sọ gbólóhùn náà mọ́.

Ọ́fíìsì wọn yí òfin padà. Láti ìgbà náà, nígbàkígbà tí Malita bá fẹ́ ti afẹ́fẹ́, ọ̀rọ̀ tó máa ń fi parí rẹ̀ ni pé odò kò ní títì o, bí omi bá mì, ẹ já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Wọ́n ti mọ ẹni tó ni ariwo ṣààà yẹn náà. Iṣẹ́ ń lọ. Ìwé tí wọ́n kọ nípa ọjọ́ náà sọ pé Òkè Nkhande dára gan-an fún ìkìlọ̀, pé kò sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti mọ́ tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo àgbègbè náà. Òótọ́ ni. Malita ka ìwé náà, ó jáde sí ẹ̀yìn ọ́fíìsì, ó bì.

Ó gbé ìyẹ̀fun àgbàdo dání lọ kí Fainesi, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe níbi ọ̀fọ̀. Àwọn obìnrin jókòó sórí ẹní, wọ́n sún fún un. Fainesi gba ìyẹ̀fun, ó dúpẹ́, ó béèrè Yankho. Ó gbé ìyẹ̀fun náà sílẹ̀, ó yíjú sí i. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni.

"Ìyá Yankho, nígbà tí ẹ ní kí gbogbo ayé dákẹ́ yẹn, tí ẹ tẹ́tí, kí lẹ gbọ́?"

Malita rántí ìlà tó tẹ́ pẹrẹsẹ, àti bí inú rẹ̀ ṣe dùn.

"A ò gbọ́ nǹkan kan," ó ní.